Alùpùpù DKW RT 125 W
Ingolstadt, Jámánì. Irin àti rọ́bà. Wọ́n ti tún un ṣe.

Ọdún 1939 ni àwòrán alùpùpù yìí jáde ní ilé iṣẹ́ DKW ní Zschopau. Lẹ́yìn ogun, DKW tún fìdí kalẹ̀ sí Ingolstadt, ibẹ̀ ni RT 125 W ti jáde ní 1949. Lára àwòrán kan náà ni BSA Bantam ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wá, òun náà ni Harley-Davidson wò ṣe alùpùpù tiwọn ní Amẹ́ríkà, òun sì ni Yamaha wò ṣe YA-1, alùpùpù wọn àkọ́kọ́, ní 1955.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní fáàfù. Písítìnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ihò, tó sì ń dí i, bó ṣe ń lọ sókè sódò. Pẹtiróòlù tí wọ́n po òróró mọ́ ló ń jó, èyí ló mú kí èédú dì sẹ́nu ihò àti sínú sàlẹ́ńsà. Igi ni wọ́n fi rọra ha èédú náà kúrò, kí irin má baà dá ọgbẹ́ sí i. Rọ́bà tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kíráńkì ti gan, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀, torí bí atẹ́gùn bá ń gba ibẹ̀ wọlé, epo kò ní tó, ooru á pọ̀ jù, písítìnì á sì yọ́.

Ẹ wo mọ́gáàdì ẹ̀yìn dáadáa. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi kùn ún ló ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ ti ṣí láwọn ibì kan. Wọn ò kùn ún lọ́tun, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dà àkọ́kọ́ kò ṣe é rà lọ́jà. Táyà àti wáyà bíréèkì nìkan ni tuntun lára ohun tó hàn síta.