Ẹ̀rọ Tó Ń Kó Ìràwọ̀ Wọ Inú Ilé

Ẹ fojú inú wò ó ná: ẹ wọ yàrá kan lọ́sàn-án gangan, wọ́n pa iná, ẹ gbójú sókè, ẹ wá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìràwọ̀ lókè orí yín. Bẹ́ẹ̀ òrùlé ṣì wà níbẹ̀ o! Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní planetarium. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Kí iná tó di ohun tí wọ́n fi ń ya ìràwọ̀, irin ni wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀run. Lọ́dún 1913, wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù irin ńlá kan ní Chicago, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15, wọ́n sì lu ihò 692 sí i lára. Àwọn èèyàn á wọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìta á máa gba inú ihò wọlé bí ìràwọ̀, bọ́ọ̀lù náà á sì máa yí. Ó dáa, àmọ́ èèyàn díẹ̀ ló lè gbà. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì máa ń rìn láàrin àwọn ìràwọ̀, ihò ara irin ò sì lè rìn.

Láàrin àkókò yẹn náà ni Oskar von Miller, tó dá Deutsches Museum sílẹ̀ ní Munich, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lọ bá ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jena pé kí wọ́n bá òun ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tó di 1919, ẹnjiníà Zeiss kan, Walther Bauersfeld, yí ọ̀rọ̀ náà po: ẹ jẹ́ kí yàrá dúró sójú kan, kí ẹ̀rọ kékeré kan wà láàrin, kó máa tan ìràwọ̀ sára òrùlé funfun tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa rìn, kì í ṣe irin.

Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ ìṣirò inú ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gílóòbù iná kan wà láàrin ẹ̀rọ náà. Wọ́n pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà 31, ìpín kọ̀ọ̀kan ní dígí tiẹ̀ àti àwo tín-ín-rín tí wọ́n lu ihò sí. Ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ jù ni ihò tiẹ̀ ń tóbi jù. Oòrùn, òṣùpá àtàwọn pílánẹ́ẹ̀tì ní iná tiwọn lọ́tọ̀, èyí tí eyín irin ń yí, kí wọ́n lè máa rìn bó ṣe yẹ.

Òrùlé gan-an níṣòro tiẹ̀. Orí ilé iṣẹ́ wọn ní Jena ni Bauersfeld ti fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ hun àwọ̀n tó fẹ̀ tó mítà 16, wọ́n sì fi kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Àwọn kọ́lékọ́lé náà rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Ní October 21, 1923, wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà hàn ní Munich. Ní May 7, 1925, planetarium ibẹ̀ ṣí fún gbogbo èèyàn. Àléébù kan ni pé ojú ọ̀run bó ṣe rí láti Munich nìkan ló lè fi hàn. Ni Zeiss bá ṣe òmíràn tó ní bọ́ọ̀lù méjì, ọ̀kan fún àríwá, ọ̀kan fún gúúsù. Ó wá dà bí eèrà ńlá, àmọ́ kò sí ibi láyé tí kò lè fi ìràwọ̀ rẹ̀ hàn.

Owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Ìyẹn ló mú kí Armand Spitz, ará Amẹ́ríkà, gbé tiẹ̀ jáde lọ́dún 1947. Àpótí olójú 12 tí wọ́n lu ihò sí lára ni, iná kan wà nínú rẹ̀, dọ́là 500 péré. Bí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣe ráyè ní planetarium tiwọn nìyẹn.

Lọ́dún 1983, kọ̀ǹpútà dé. Digistar bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Richmond, Virginia, èèyàn sì lè “fò” kúrò láyé lọ sáàrin ìràwọ̀, ohun tí bọ́ọ̀lù oníhò ò lè ṣe.

Ṣé bọ́ọ̀lù ti kógbá wọlé nìyẹn? Rárá o. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sábà máa ń jò jáde lára ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà kódà níbi tó yẹ kó dúdú, ojú ọ̀run á wá rí bí eérú. Ti bọ́ọ̀lù, ibi tí kò bá ti sí ihò, òkùnkùn biribiri ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ planetarium fi ń lo méjèèjì pọ̀ lónìí. Tẹ́ ẹ bá wọ ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ wo àárín yàrá. Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀lù olójú púpọ̀, ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ Bauersfeld lẹ rí yẹn.