IBÀ KÌ Í DÚRÓ DE ỌJỌ́ ÌPÀDÉ
Òṣìṣẹ́ ìlera abúlé àti ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó, kì í sì í ṣe ti èrè tí a fẹ́ pín. Ọ̀rọ̀ akọ ibà tí ẹ̀fọn ń kó bá wa ni. Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ibà. Ó kàn wá púpọ̀. Ẹni tó yáwó láti fi ra ajílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ wá dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣebí owó ajílẹ̀ náà ni yóò gbé lọ sí ọsibítù? Iṣẹ́ oko a dáwọ́ dúró, gbèsè a wà níbẹ̀, ọkàn àwọn onídùúró kò sì ní balẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà kò kúkú parọ́ tí wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ènìyàn bíi 597,000 ni ibà pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2023. Nínú 100 tó kú, 95 ló jẹ́ ará Áfíríkà, bíi 31 ló sì jẹ́ ará Nàìjíríà nìkan. Nínú mẹ́rin tó kú ní Áfíríkà, mẹ́ta ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún.

Kì í ṣe pé kò sí oògùn o. Láti ọdún 2005 ni ìjọba wa ti fi àwọn oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú wọn rọ́pò chloroquine, nítorí pé kòkòrò ibà kò ka chloroquine sí mọ́. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ ni pé ìtọ́jú ń pẹ́. Ọmọ tó ń sáré kiri láàárọ̀, gìrì lè mú un kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé kí ẹni tí ibà mú rí ìtọ́jú kí wákàtí 24 tó kọjá. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí kò sí dókítà, tí ọkọ̀ kì í kọjá àfi lọ́jọ́ ọjà, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé?

Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ti wúlò. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ará abúlé kan náà ni, tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ díẹ̀ tó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Yóò gún ọmọ ní ìka, yóò kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò, yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú bíi 15 sí 20. Ìlà tó bá yọ lára ike náà ni yóò sọ bóyá akọ ibà ni tàbí nǹkan mìíràn. Bó bá jẹ́ ibà, yóò fún ọmọ ní oògùn ọlọ́jọ́ mẹ́ta bí ó ti tọ́ sí i, yóò sì padà wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tàbí tó sùn tí kò ṣeé jí, òṣìṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá. Ìwé ni yóò kọ, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé àyẹ̀wò ló ṣáájú oògùn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni akọ ibà. Ó lè jẹ́ òtútù àyà, òun náà sì ń pa ọmọdé bí a bá ń fi oògùn ibà wò ó.

Ètò yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera ará ìlú ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ètò ìlera alábọ́dé ló gbájú mọ́, kí ìtọ́jú lè sún mọ́ ẹnu ọ̀nà mẹ̀kúnnù. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ tún dá ètò CHIPS sílẹ̀, láti yan àwọn ará àdúgbò, obìnrin ni púpọ̀ wọn, kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń ba irú ètò báyìí jẹ́. Èkíní ni pé oògùn á tán lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Èkejì ni pé á ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ títí, á sì sú u. Ẹni tó ní oko láti ro, tó ní ọmọ láti bọ́, bó ti wù kó láàánú tó, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní ti ìṣòro kejì yìí, orílẹ̀-èdè kan wà tó fi irú ẹgbẹ́ tiwa yìí wá ojútùú sí i. Rùwáńdà ni, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1994, dókítà àti nọ́ọ̀sì di ọ̀wọ́n gógó. Ní 1995, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn ará abúlé. Abajyanama b'ubuzima ni wọ́n ń pè wọ́n lédè wọn, ìyẹn àwọn olùdámọ̀ràn ìlera. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń yàn wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tó mọ̀ ọ́n kà, tí aládùúgbò lè finú hàn. Ibà ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú. Láti 2016 wọ́n fi ti àgbàlagbà kún un.

Wọn kò fi wọ́n sí owó oṣù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n kó wọn jọ sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ilé ìwòsàn agbègbè rẹ̀, iye ẹgbẹ́ náà sì lé ní 400. Owó tí ìjọba ń san, bí iṣẹ́ wọn bá ti dára tó ni yóò ti pọ̀ tó. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí 70 nínú 100 owó náà wọ àpò ẹgbẹ́ fún òwò, kí wọ́n pín 30 tó kù. Wọ́n fi dáko, wọ́n fi sin ẹran. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ náà ló jèrè o. Níbi tí ìwé ìṣirò kò bá ti mọ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tó máa ń já sí.

Ní 2017, iye ìgbà tí ibà mú ènìyàn ní Rùwáńdà lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tó fi máa di 2021, ó ti wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù kan. Àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn tí wọ́n ń fín sára ògiri ní ipa tiwọn níbẹ̀, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ abúlé ló tọ́jú ohun tó ju ìdajì àwọn aláìsàn náà lọ. Ní 2024, ibà tún gbérí níbẹ̀. Ogun ibà kì í ṣe ogun ọjọ́ kan.

Àwa kì í ṣe ìjọba, a kò sì lè ra oògùn fún gbogbo ìlú. Àmọ́ mo rí nǹkan mẹ́rin tí agbára wa ká.

Èkíní, kí olúkúlùkù béèrè ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù rẹ̀, ta ni òṣìṣẹ́ ìlera abúlé rẹ̀? Bí kò bá sí, tàbí tí oògùn bá ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, kí a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èkejì, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Ẹ yé ra oògùn ní hóró méjì-méjì bí ẹni ra gúgúrú. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní oògùn, kó lò ó tán; ẹ má ṣẹ́ ẹ kù de àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, a máa ń yánilówó lọ́jọ́ ìpàdé nìkan. Mo dábàá pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé òṣìṣẹ́ ìlera wá, pé kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, gba owó pàjáwìrì lọ́wọ́ akápò lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Kí owó náà má ṣe ju èyí tó ti fi pamọ́ lọ, kí ẹgbẹ́ má baà pàdánù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé àwọn kan yóò purọ́ gbowó, kó rántí pé orúkọ aláìsàn àti ti òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé náà, ó sì rọrùn láti wádìí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí a gba òṣìṣẹ́ ìlera sínú ẹgbẹ́ láìgba owó ìwọlé lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì bá a ṣe ọ̀wẹ̀ lóko lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tó ń tọ́jú ọmọ wa, ṣebí koríko ń hù lóko tirẹ̀?

Àbá kẹta àti ìkẹrin yóò wá sí iwájú ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ bá wa jiyàn lé e lórí, kí a tó dìbò. Ọmọ la ṣe ń fowó pamọ́; ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wà láàyè láti jẹ ẹ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́