Ata Màmá Tó Kù Sínú Ìgò

Nígbà tí màmá wa ṣípò padà ní 2019, àwọn ará ilé pín aṣọ, wọ́n pín àwo. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìgò kékeré tó wà ní igun ilé ìdáná. Kóró ata rodo ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ìyá wọn ti ń gbìn kí wọ́n tó bí wọn.

Àwa náà gbàgbé rẹ̀. Irúgbìn inú páálí la ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún kìíní, ó so wìtìwìtì. A tọ́jú kóró rẹ̀, a tún un gbìn, ṣùgbọ́n èyí tó so lọ́dún kejì kò jọ ìyá rẹ̀: òmíràn gùn, òmíràn kò ta rárá. Wọn ò rẹ́ wa jẹ o. Irúgbìn tí wọ́n fi oríṣi méjì bí ni, irú wọn kì í sì í dúró lórí ìwà kan tí a bá tún kóró wọn gbìn.

Ìgbà yẹn la rántí ìgò. Ó ti di 2024! Bẹ́ẹ̀, kóró ata kì í sábà lágbára ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ. Kóró 43 la kà. A rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, a gbìn wọ́n sínú agolo mílíìkì tí a lu nísàlẹ̀, a sì fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wa ní ká dà á nù. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ọ̀kan yọrí. Márùn-ún péré ló hù, omi àpọ̀jù sì pa ọ̀kan: ìdí rẹ̀ rà, ó wó lulẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ ewé mẹ́fà, a tú wọn gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ síra wọn, níbi tí a kò gbin tòmátì tàbí ikàn sí tẹ́lẹ̀, nítorí àìsàn kan náà ló ń bá wọn jà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra fún oyin. Ó lè gbé ìyẹ̀fun òdòdó ata wẹ́wẹ́ aládùúgbò wá sórí rodo yín. A fi àgékù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn di ẹ̀ka méjì kí òdòdó wọn tó là, a sì tú u nígbà tí wọ́n ti so. Èso ẹ̀ka wọ̀nyẹn nìkan la fi ṣe irúgbìn. A jẹ́ kó pọ́n dáadáa, a yọ kóró rẹ̀, a sá a sí ibòòji. Ẹ fi ọ̀rá wọ ọwọ́ o. Ara funfun tí kóró lẹ̀ mọ́ gan-an ni oró ata pọ̀ sí jù. Ẹni tó fọwọ́ nu ojú nínú wa kò ní gbàgbé.

Ìgò mẹ́ta ló wà báyìí, a kọ ọdún sí wọn lára: ọ̀kan lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò wa ní Àkúrẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ká bu díẹ̀ sí i.