Ààbò Omi Kànga Ilé Lọ́wọ́ Dídì ní Ilẹ̀ Olótùútù: Àpẹẹrẹ Ìpínlẹ̀ Minnesota

1. Ìfáárà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá tí a mọ̀ mọ kànga. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, omi a fà sẹ́yìn, onílé a sì máa wá omi kiri. Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú kọjá ààlà, ọ̀tá mìíràn wà. Omi lè kún inú kànga, pọ́ǹpù lè pé, síbẹ̀ kí ẹ̀kán omi kan má jáde lẹ́nu ẹ̀rọ inú ilé, nítorí pé omi ti dì sínú páìpù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí omi kànga ilé fi ń dì, ibi tí ó ti ń dì, àti ọ̀nà tí a lè gbà dènà rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Minnesota, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìlú Tower ní ìpínlẹ̀ yìí, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1996, òtútù mú dé ìwọ̀n 51 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èrò wa ni pé ìmọ̀ràn méjì tí ó gbajúmọ̀ jù, èyíinì ni pé kí a fi iná mànàmáná mú páìpù gbóná tàbí kí a jẹ́ kí omi máa kán lẹ́nu ẹ̀rọ, kò tó fún onílé tí ó ní kànga tirẹ̀. Inú ilẹ̀ ni ààbò àkọ́kọ́ wà.

Kí àlàyé wa lè yéni, a ó lo "òjò dídì" bí Bíbélì Yorùbá ti lò ó, fún èyí tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí ẹ̀gbọ̀n òwú. A ó lo "yìnyín" fún omi tí ó ti le bí òkúta. A ó sì pe ibi tí dídì lè wọ inú ilẹ̀ dé ní "ààlà dídì".

2. Bí omi ṣe ń bẹ́ páìpù

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó máa ń súnkì bí ó bá ti ń tutù. Omi yàtọ̀. Nígbà tí ó bá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 ni ó kì jù lọ. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di yìnyín, á ti fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 fẹ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yìnyín ni ó ń ti ara páìpù títí tí páìpù yóò fi bẹ́. Kì í sábàá rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín a kọ́kọ́ dí inú páìpù pa bí ìgbà tí a bá fi èdídí dí ẹnu ìgò. Bí ó ti ń gùn sí i, á máa ti omi tí kò tíì dì lọ sí ìhà ẹnu ẹ̀rọ tí a tì pa. Omi yìí kò ní ibi tí yóò gbà. Agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí páìpù yóò fi bẹ́ níbi tí kò ti lágbára, ibẹ̀ sì lè jìnnà sí ibi tí yìnyín wà. Ìdí nìyí tí ẹnu ẹ̀rọ tí a ṣí díẹ̀ fi lè gba páìpù là, bí omi inú rẹ̀ tilẹ̀ dì.

Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Illinois ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1996, fi hàn pé fún páìpù tí ó wà lókè àjà, tí a kò fi nǹkan bò, ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù ìta bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 7 nísàlẹ̀ òdo. Atẹ́gùn tí ń gba ihò ara ògiri wọlé a sì máa mú kí dídì yá.

3. Ooru inú ilẹ̀ àti ààlà dídì

Omi tí ó wà nísàlẹ̀ kànga jíjìn kì í dì. Ní Minnesota, omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń wà láàrin ìwọ̀n 6 sí 10, ní ọyẹ́ àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ jíjìn kì í tètè mọ̀ bóyá òtútù mú lókè tàbí oòrùn ràn. Nítorí náà, ojú ọ̀nà láti kànga dé ilé ni ewu wà.

Òfin ìkọ́lé ìpínlẹ̀ náà fi bí ààlà dídì ti jìn tó hàn wá. Ó ní kí ìpìlẹ̀ ilé jìn tó íǹṣì 60 ní apá àríwá, kí ó sì jìn tó íǹṣì 42 ní apá gúúsù. Ó yẹ kí páìpù omi wà nísàlẹ̀ ààlà yìí.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Èkíní ni pé òjò dídì tí ó bo ilẹ̀ dà bí aṣọ òtútù fún un. Ibi tí a bá ti ń kó òjò dídì kúrò, bí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ àgbàlá, ni dídì ti ń wọlẹ̀ jìn jù. Páìpù tí kò séwu lábẹ́ koríko lè dì lábẹ́ ọ̀nà ọkọ̀. Èkejì ni pé dídì a máa wọlẹ̀ lọ síwájú lẹ́yìn tí òtútù ojú ọ̀run ti rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí páìpù kan fi lè dì ní òpin oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta, nígbà tí onílé ti rò pé ewu ti kọjá.

4. Àwọn ibi tí ewu wà

(i) Ẹnu kànga. Láyé àtijọ́, wọ́n a gbẹ́ kòtò yí ẹnu kànga ká kí páìpù lè wà nísàlẹ̀ ààlà dídì. Kòtò yìí a máa gba àgbàrá àti ìdọ̀tí, ó sì ń ba omi jẹ́. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni oríkèé kan tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ páìpù ńlá kànga, nísàlẹ̀ ààlà dídì. Ibẹ̀ ni omi ti ń yà gba inú ilẹ̀ lọ sí ilé, láìdé òkè rárá. Páìpù ńlá náà gbọ́dọ̀ yọ sókè ilẹ̀ tó íǹṣì 12 ní Minnesota, kí àgbàrá má baà wọ̀ ọ́.

(ii) Ìdí táńkì. Swíìṣì tí ń tan pọ́ǹpù, tí ó sì ń pa á, ń gba ìròyìn agbára omi láti inú páìpù tín-ín-rín kan. Nítorí tínrín rẹ̀, òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dì. Bí ó bá dì, pọ́ǹpù lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó sì lè ṣiṣẹ́ láìdúró títí yóò fi bàjẹ́. Nítorí náà, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ó móoru ni ó yẹ táńkì àti swíìṣì.

(iii) Ẹnu ẹ̀rọ ìta. Èyí tí a ṣe fún ilẹ̀ olótùútù ní ìdérí rẹ̀ nísàlẹ̀ ààlà dídì. Bí a bá tì í, omi tí ó kù nínú òpó rẹ̀ á gba ihò kékeré kan jò sínú òkúta wẹ́wẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀. Bí a bá gbàgbé rọ́bà ìbomirin sí i lẹ́nu, omi náà lè má ráyè jò tán.

5. Àtúnṣe tí ó lè di ewu

Omi tí ń kán wúlò fún ẹni tí ìjọba ń fún lómi. Ṣùgbọ́n onílé tí ó ní kànga sábà máa ń ní sókàwéè pẹ̀lú. Omi tín-ín-rín tí ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ lè dì sínú páìpù tí ó lọ sí sókàwéè, ní ìpele lórí ìpele, títí yóò fi dí. Ó dára kí a máa lo omi gbígbóná bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́, kí a sì pín aṣọ fífọ̀ sí ọjọ́ púpọ̀.

Wáyà iná tí a ń wé mọ́ páìpù wúlò níbi tí ilẹ̀ kò ti ṣeé gbẹ́ jìn. Ṣùgbọ́n ó lè dá iná sílẹ̀ bí ó bá gbó tàbí bí a bá wé e lérí ara rẹ̀ lòdì sí ìlànà. Ó tún gbára lé iná mànàmáná. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù ńlá mú ní Texas, iná lọ nílé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn, àwọn páìpù sì bẹ́ nílé púpọ̀. Òtútù tí ó mú kí a nílò wáyà náà ni ó lè pa iná rẹ̀. Ní ti ohun tí a fi ń bo páìpù, kì í dá ooru sílẹ̀. Ooru tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Bí páìpù bá ti dì, a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ iná yọ́ ọ. Kí a ṣí ẹnu ẹ̀rọ, kí a fi ẹ̀rọ ìgbẹrun tàbí aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ẹnu ẹ̀rọ lọ sí ìdí yìnyín. Bí ilé yóò bá ṣófo, kí a pa pọ́ǹpù, kí a gbẹ́ omi táńkì, kí a sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ èyí tí ó kù jáde kúrò nínú àwọn páìpù.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ètò ìdáàbòbò yìí ní bí ó ṣe yẹ kí ó tẹ̀ léra: kí páìpù jìn, kí omi tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lè jò dànù, kí a bo èyí tí ó kù síta, kí ooru iná sì ṣe ìkẹyìn. Ẹni tí yóò ra ilé oníkànga ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ibẹ̀ wà lára wọn, ní ìbéèrè mẹ́ta láti bi ẹni tí ń tà á: Báwo ni páìpù ti jìn tó? Ǹjẹ́ ó gba abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ kọjá? Níbo ni a ti ń pa omi? Kí ilẹ̀ tó le ni ó ti yẹ kí a gba ìdáhùn, nítorí pé ilẹ̀ tí ó ti dì kò ṣeé gbẹ́ wọ̀ọ̀rọ̀wọ́.