Ère Tí Kò Rówó Di Idẹ

Bí ẹ bá dárúkọ POP (plaster of Paris) ní Òkìtìpupa níbí, àjà pálọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn, tàbí ẹsẹ̀ tó kán tí wọ́n dì ní ọsibítù. Iṣẹ́ àjà ni tèmi. Mo máa ń po ìyẹ̀fun funfun náà mọ́ omi, mo sì ń dà á sínú móòdù tí mo ti fi òróró pa. Láìpẹ́, yóò gbóná lábẹ́ ọwọ́, yóò sì le. Ó máa ń wú díẹ̀ bó ṣe ń le, òun ló fi ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀; bí irun kan bá bọ́ sínú móòdù, ojú irun náà yóò hàn.

Ìdí nìyẹn táwọn tó ń mọ ère orí èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi mọ ojú ẹni tó jókòó síwájú wọn, ṣùgbọ́n bí amọ̀ bá gbẹ, á là. Wọ́n á da POP bò ó láti fi yọ móòdù, wọ́n á tún da POP míì sínú móòdù náà. Lẹ́yìn èyí ni idẹ ń tẹ̀ lé e, bí owó bá wà. Ère Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, tó jókòó fún Ben Enwonwu, amọ̀ère ọmọ Nàìjíríà, ní Buckingham Palace ní 1957, rówó di idẹ. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó.

Augusta Savage kò rí irú owó bẹ́ẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń mọ ère ni, Florida ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1892, oníwàásù ni bàbá rẹ̀, ó sì máa ń nà án nítorí ère tó ń mọ. Ní nǹkan bí 1929, ó mọ orí ọmọkùnrin kan ní Harlem, ní New York, ó pè é ní *Gamin*: fìlà rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀wù rẹ̀ rún, ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ tó ti rí ohun tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. POP ló fi ṣe é, ó kùn ún kó lè jọ idẹ. Ère kékeré yìí ló gbé e dé Paris láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ère náà wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Smithsonian ní Washington títí dòní.

Ní 1939, ó ṣe *The Harp* fún Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York: POP ni, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 16, àwọn ọmọ dúdú tó ń kọrin tò bí okùn hàápù. Nígbà tí ìpàtẹ náà parí, kò sówó láti dà á ní idẹ tàbí láti kó o pamọ́. Wọ́n wó o. Ẹni tó bá ti po POP rí mọ ohun tí wọ́n fọ́ dànù níbẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ère POP nílé, pàápàá nínú òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ara rẹ̀, ẹ sì gbé e kúrò lábẹ́ òrùlé tó ń jò.