Ìwé Àyẹ̀wò Iṣan Tí Ó Dẹ́rù Ba Ìyá Ẹlẹ́ja

 

Ọ̀kan nínú wa ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja ló fà á tí a fi ń kọ èyí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Á dìde lóru, á máa gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn omi dànù, nítorí pé ó ń kú, ó sì ń ta á bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò iṣan. Ó ṣe é, wọ́n fún un ní ìwé tó kún fún nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Ọmọ rẹ̀ bá a kà á, ó rí "severe" níbẹ̀, ó ní, "Màámi, wọ́n ní ó ti le gan-an." Ìyá yìí rò pé wọ́n fẹ́ gé ọwọ́ òun ni. Odidi oṣù méjì ni kò fi padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Iṣan la ń pe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà la tún ń pe èyí tí ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pẹ̀lú ẹran ara tó ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n á fi iná kékeré ta awọ ara, wọ́n á wo bí iṣẹ́ náà ṣe rìn. Nígbà míì, wọ́n á tún ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ inú ẹran láti gbọ́ ohun tó ń ṣe. Abẹ́rẹ́ yẹn kò gbé iná wọlé, kò sì ní oògùn nínú.

Nínú ìwé náà, "velocity" ni bí iṣẹ́ ṣe yára tó. Ní apá, iṣan tó dá ṣáṣá ń sáré tó mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 1. "Latency" ni àsìkò tó lò lọ́nà. "Amplitude" ni bí ohun tó dé ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi wé tòmátì tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ọkọ̀ á pẹ́, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ á pé. Bó bá jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ 20 ló gbéra, tó jẹ́ 5 ló dé, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ọ̀nà. Iṣan tó ń pẹ́, èèpo ara rẹ̀ ló sábà máa ń fara pa. Èyí tí ohun tó ń gbé dínkù, okùn inú rẹ̀ gan-an ló sábà máa ń kú lọ. Ìyẹn ni kò yẹ kéèyàn fi falẹ̀.

"Severe" ti ìyá ẹlẹ́ja, iṣan kan ṣoṣo ní ọ̀rùn ọwọ́ ló ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní carpal tunnel: ohun líle kan bí ìgbànú ló fún un pa. Àtàǹpàkò àti àwọn ìka tó tẹ̀ lé e ló ń kú, ọmọńdinrín kì í sí níbẹ̀. Ìgbànú yẹn ni wọ́n ń là. Kò sẹ́ni tó ń gé ọwọ́.

Ẹni tí wọ́n bá kọ "normal" fún ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé ẹ ń purọ́, ẹ má sì kó owó ọjà lọ fún ẹni tó ní ayé ló ń ṣe yín. Àyẹ̀wò yìí kì í rí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó ń gbé ìrora àti ooru. Carpal tunnel tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ náà lè má hàn. Ẹ padà lọ sọ fún dókítà pé ó ṣì ń dùn yín.

Ẹ bi í pé: iṣan wo ni, ibo ló ti há, ṣé ọ̀kan ni àbí púpọ̀? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà wò. Ẹlẹ́ja tó bá sì ti ìdí yìnyín lọ ṣe àyẹ̀wò, kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ móoru ná, torí òtútù ń mú iṣan falẹ̀. Ẹ má fi ìpara pa ara lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú abẹ́rẹ́.

Wọ́n ti la ọ̀rùn ọwọ́ ìyá ẹlẹ́ja. Ó ń sùn lóru báyìí. Ṣùgbọ́n ẹran ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ tó ti jò kò tíì padà, ọmọ rẹ̀ ló ṣì ń bá a gé ẹja.