Ojú Ètò Kọ̀ǹpútà àti Ọ̀gbẹ̀rì Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Rẹ̀

Gbogbo ohun tí olùlò ń rí, tí ó ń kà, tí ó sì ń tẹ̀ lára ètò kọ̀ǹpútà ni à ń pè ní ojú ètò náà. Bí ètò tilẹ̀ mọ ìṣirò dé góńgó, bí ojú rẹ̀ bá rú ènìyàn lójú, asán ni. Olùkọ́ tí ó bá fi àwọ̀ àti àwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún ọ̀gbẹ̀rì ti sọ ìdí di orí. Bí a ti í wo ènìyàn ni ẹ̀kọ́ kìíní.

Àpẹẹrẹ kò wọ́n ní ilẹ̀ Yewa, tí ó bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Ẹni tí ó kọ́ ìwé títẹ̀ ní Ìlaròó, tí ó sì gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí òdìkejì, yóò bá kíbọ́ọ̀dù àwọn tí ń lo èdè Faransé pàdé. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ sí Q, A ni ó wà níbẹ̀. Z ti gba ipò W. M ti lọ jókòó ti L. Bí ó bá fẹ́ kọ iye owó, tí ó tẹ bọ́tìnì 1, àmì & ni yóò yọ sí i, nítorí pé a ní láti tẹ Shift mọ́ ọn kí nọ́ńbà tó jáde. Ẹni náà kì í ṣe òpè. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni ọwọ́ rẹ̀ ti gbà. Níhìn-ín ni ọ̀gbẹ̀rì yóò ti rí i pé kò yẹ kí a yí ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ padà láìnídìí. Ìlànà yìí wà lára mẹ́wàá tí Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tẹ̀ jáde ní 1994.

Èdè pàápàá lè di ìdẹkùn. Bí a bá kọ KO sára bọ́tìnì láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá kọ ni, tàbí kọ̀, tàbí kó? Ẹni tí ó rò pé òun ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lè ti kọ̀ láìmọ̀. Àwọn tí ń fojú tín-ín-rín àmì ohùn kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1988 ni Donald Norman ará Amẹ́ríkà kọ ìwé tí ó fi hàn pé ohun tí à ń pè ní àṣìṣe olùlò, ẹ̀bi ẹni tí ó ṣe ohun èlò ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè wọ akẹ́kọ̀ọ́ létí, pàápàá èyí tí ó gbọ́n. Kí olùkọ́ mú un lọ sí ọjà, kí ó wo ìyá tí ń fi fóònù kékeré tẹ kóòdù báńkì. Ètò náà kì í dúró pẹ́ dè é. Bí ó bá ń wá awò rẹ̀ kiri, ó ti já. Bí ó bá tẹ nọ́ńbà 9 dípò 10, «Invalid input» kò ràn án lọ́wọ́. «Nọ́ńbà kan kù» ni yóò ràn án lọ́wọ́. Ètò tí ó dára yóò sì fi orúkọ ẹni tí ó ni àkáǹtì hàn án kí owó tó kúrò, yóò sì jẹ́ kí ó lè padà sẹ́yìn.

Ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive ti Ayétòrò, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1963, ti mú iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ìwé jókòó pọ̀ ní àgbègbè yìí. Bákan náà ni kí ó rí níhìn-ín. Orí ìwé lásán ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ya ojú ètò rẹ̀, abala kan fún ìgbésẹ̀ kan. Kí ó pe ẹni tí kò mọ nǹkan nípa rẹ̀, kí ó fún un ní iṣẹ́ kan ṣe, kí òun fúnra rẹ̀ máa ṣí abala bí ìka ẹni náà ti ń tọ́ka. Kí ó má ṣàlàyé ohunkóhun. Ìdákẹ́ yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa yún un láti wí pé ibí kọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ó sàmì sí ibi tí ìka ti dúró. Nielsen kọ ọ́ ní 2000 pé ènìyàn 5 péré tó láti fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àléébù hàn. Lẹ́yìn náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tún àwọn abala náà yà, kí ó pe ẹlòmíràn, kí ó tó tan kọ̀ǹpútà rárá.